Ọyẹ́ Tètè Dé

Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mi ò rí òkè mọ́.
Òkè Ṣábẹ tí ń ṣọ́ ilé yìí
láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ọkọ,
kò sí níbẹ̀.
Funfun ló wà níbẹ̀.

Ta ní ń ku èlùbọ́ lókè ọ̀run
tí kò wo ẹni tó wà nísàlẹ̀?
Ó bà lé ewé kajú,
ó bà lé ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀,
ó bà lé ẹ̀yìn ajá; ajá gbọnra, ó tún bà lé e.
Ètè mi ti là. Òrí wà nínú igbá,
mi ò tíì rántí rẹ̀, kò kúkú tíì tó àsìkò:
ẹ̀wà wa ṣì ń tanná lóko.
Ọyẹ́, ta ló pè ọ́?

Mo fa àpótí, mo jókòó.
Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ jáde,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ti ẹni tí eyín ń dùn.
Ó rí mi. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi.
Alángbá olórí pupa dì mọ́ ògiri,
ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, òtútù ò jẹ́;
ìdajì ìkíni ló kí mi láàárọ̀ yìí.
Àparò mẹ́fà gba ẹ̀yìn ààtàn kọjá,
ẹsẹ̀ wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí eruku
bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ tuntun.

Ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ mìíràn.
Ó tóbi ju ti ológbò, ó kéré sí ti ajá.
Ó ti ẹ̀gbẹ́ àpáta wá,
ó yí ilé adìẹ po lẹ́ẹ̀mejì,
ó dúró níbi tí ọkọ mi máa ń dẹ pàkúté sí,
pàkúté tó ti dípẹtà láti ọdún mẹ́ta tí ẹni tó ń dẹ ẹ́ ti sùn.
Ó dúró pẹ́. Mo mọ̀, ojú ẹsẹ̀ náà jìn.
Ó wá yà lọ.

Ẹtà.
Èmi tí mo rò pé wọ́n ti pa wọ́n tán.

Ṣàbí ṣì ń hanrun nínú ilé.
Bó bá jí tó rí èyí, kànnàkànnà ni yóò mú,
á lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ajá mẹ́ta, ariwo.
Mo ka adìẹ. Mọ́kànlá. Wọ́n pé.

Mo bá mú ìgbálẹ̀,
èmi tí kì í gbálẹ̀ kí n tó bọ́jú.
Mo gbá láti ẹnu ilé adìẹ dé ìdí àpáta.
Mo fi ti àparò sílẹ̀.

"Ìyá àgbà, kí lẹ ń gbá?"
"Èlùbọ́ ni. Èlùbọ́ ló dà sílẹ̀."

Lọ́ọ̀ọ́kán, orí òkè ti ń yọ díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó lọ yá owó tí kò rí yá.