Àjàdí Bọ́ Awọ

Wákìfíìdì, oṣù kejì, òtútù ń họ fèrèsé.
Yàrá Àjàdí nìkan ló móoru bí ìdí ààrò;
wọ́n ní ẹni tí kò láwọ mọ́
kò ní ohun tí yóò fi bo ooru ara rẹ̀.
Mo bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà, mo fọwọ́ dé ìgúnpá,
mo wọlé, mo sì dúró.
Kò síbi tí mo lè fọwọ́ kàn.

Hóró oògùn funfun ni, kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan.
Wárápá ni wọ́n torí ẹ̀ fún un,
wárápá tí a fi pamọ́ fún ará ilé, fún ará ìjọ,
tí màmá ń pè ní “nǹkan yẹn” lórí fóònù.
Lákọ̀ọ́kọ́, ìdajì hóró. Lẹ́yìn náà, odidi.
Kò ṣubú mọ́. Inú wa dùn.
Mo tilẹ̀ se ìrẹsì, mo gbé e gun àtẹ̀gùn lọ bá a
lókè ṣọ́ọ̀bù ẹja díndín tó ń gbé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ọ̀fun ń dun òun,
ojú ń ta òun bí ẹni fi ata nù ún.
Mo ní òtútù ni. Mo ní kó mu tíì gbígbóná.
Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà ọ̀dọ́ kan yẹ àyà rẹ̀ wò, ó ní òun ò rí pupa.
Pupa wo ni yóò rí lára ọmọ dúdú?
Nínú ìwé tó fi kọ́ṣẹ́, awọ funfun ni gbogbo àwòrán.
Lára tiwa, abẹ́ eérú ni iná ń gbé.
Ó dòru, ètè wú.
Ó di ìdájí, ó gbórí kúrò lórí ìrọ̀rí,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò bá a dìde.

Màmá gbọ́ ọ ní Ìlá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:
“Ṣé kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná?”
Mo ní rárá o, oògùn ni.
Ó dákẹ́ pẹ́.
Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́: ìyẹn a mọ̀ ọ́n sọ.
Kò sẹ́ni tó kọ́ wa lóhun tí a ó sọ
bí oògùn bá wo orí sàn tán
tó wá bọ́ gbogbo ara síhòòhò.

Dókítà Pickersgill, àgbà, fà àga sún mọ́ mi.
Ó ní nínú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, ẹyọ kan ni í ṣe.
Mo ní ẹyọ kan náà ni màmá wa bí lọ́kùnrin.

Nọ́ọ̀sì Maureen a fi ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín
la ìpéǹpéjú rẹ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ ẹyinjú,
a máa ròyìn eré rọ́gíbì fún un
bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun abẹ́rẹ́ ló ń sùn.
Èmi ń pè é lóríkì, Àjàdí, Àjàdí,
láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi lé mi jáde.
Ohùn nìkan ni ọwọ́ tó kù fún mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀,
awọ tuntun yọ, ó rẹ̀ bí ti ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ.
Ejò a bọ́ awọ, a dán.
Ti Àjàdí ní àmì tótòtó, èékánná mẹ́fà kò tíì hù.

Ó ti padà síbi iṣẹ́ báyìí,
awò dúdú lójú, àní nínú òjò,
ẹ̀gbà irin lọ́wọ́, orúkọ oògùn yẹn lára rẹ̀,
kí ẹnikẹ́ni má tún fi wò ó.

Lánàá màmá pè, ó bú sẹ́kún ọpẹ́.
Àjàdí náà fẹ́ sun. Orísun ti dí.
Ó fọwọ́ wá àpò, ó yọ ìgò kékeré kan
tó ń rà ní ilé oògùn, pọ́ùn mẹ́rin àti ààbọ̀,
ó dórí kodò sẹ́yìn,
ẹ̀kán méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì.
“Ẹ dúró, màmá,” ó ní,
“mo ń sunkún bọ̀.”