Gíláàsì Fìtílà

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà lábẹ́ lẹ́tà O.
Ògúnmọ́dẹdé. Ogden. O'Handley.
Àwọn ará Áílándì kún ibẹ̀ bí eéṣú,
ẹni mi kò sí láàárín wọn.

Ní Sydney, létí òkun Cape Breton,
yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé yàrá ìwé.
Ọ̀gbẹ́ni MacAskill tó ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ gbé àpótí mìíràn wá,
ó ní ọwọ́ tó mọ́ ni kí n fi ṣí i.
Ọwọ́ mi mọ́. Ojú mi ló ti rẹ̀.

Ohun tí mo mú bọ̀ láti ilé kò pọ̀:
ọdún kan tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú,
bóyá èyí tó tẹ̀lé àjàkálẹ̀ lùkúlùkú,
àti ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá ìyá mi,
pé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí Èkó lọ ra gíláàsì fìtílà,
nítorí òun ló fọ́ èyí tó wà nílé,
òun, ọmọ ọdún méje, níbi tó ti ń lé adìyẹ.
Kò padà.
Ẹnìkan rí i létí ọ̀sà, ó ń bá àwọn atukọ̀ sọ̀rọ̀.
Ìtàn parí síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, nílé wa,
ọmọ tí a bá rán níṣẹ́ tó bá pẹ́,
a ó ní, "Ṣé gíláàsì fìtílà lo lọ rà ni?"
Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín.
Ìyá àgbà kì í bá wa rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ karùn-ún, ebi ń pa mí, mo ṣèèṣì ṣí lẹ́tà K.
Kangby, A. Aláwọ̀ dúdú. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin.
Ibi tí wọ́n bí i sí: Áfíríkà.
Ìyàwó: kò sí. Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà: rárá.

Mo kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Mo kà á sókè.
Ọ̀gbẹ́ni MacAskill gbójú wò mí.
À. Kàn. Gbé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í láàárọ̀
ló fún akọ̀wé ìjọba!
Orúkọ ìdílé, ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún ilé.
Akọ̀wé gé e sí méjì bí ẹni gé iṣu,
síbẹ̀ nígbà tí mo pè é, ó jẹ́.

Bí mo ṣe tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nìyẹn:
ilé àyágbé lẹ́yìn ojú irin, èèyàn mọ́kànlá,
ará Bàbédọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù níbẹ̀;
gbèsè bàtà òtútù ní ṣọ́ọ̀bù kan;
ìwé ilé-ìwòsàn, eruku èédú nínú ẹ̀dọ̀fóró.
Lẹ́yìn náà, ìwé pélébé kan, ohun ìní olóògbé:
bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì,
abẹ ìfárùngbọ̀n,
dọ́là mẹ́sàn-án tí wọ́n fi sin ín,
gíláàsì fìtílà kan, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé,
tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò.

Mo san owó ẹ̀dà ìwé. Mo jáde sínú òtútù
láìde bọ́tìnnì ẹ̀wù mi.
Mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Alẹ́ ti lẹ́ lọ́dọ̀ wọn.
"Wọ́n ti mú iná lọ," ó ní, "kí ló dé?"

Màmá, ó rà á.

"Ta ló ra kí ni?"

Ó rà á, Màmá. Ọ̀nà ló jìn.