Iná Lọ Kí Fíìmù Tó Parí

Ilésanmí ló gbé díìsìkì náà wálé,
ó fi ọ̀rá dúdú wé e bí ẹni wé ẹran ìgbẹ́.
Ọyẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n,
ó ń fi èékánná ha páànù.
Òun fúnra rẹ̀ ló gúnyán lálẹ́ ọjọ́ náà.
A jẹun tán, ọmọ sùn.
Ó ní, "Ìbíronkẹ́, wá jókòó,
wọ́n ní fíìmù yìí dùn."
Ọkùnrin tí kì í wo nǹkan kan ju bọ́ọ̀lù lọ.

Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń dalẹ̀ ọkọ.
Ó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.
Ẹ̀rín rẹ̀ ti ń pọ̀ jù nídìí oúnjẹ.
Mo ń wò ó, ọrùn mi ń gbóná,
mo ń ṣa òkúta kúrò lára ìrẹsì,
ìrẹsì Ìgbẹmọ,
èyí tí mo lọ rà fún ilé-ìwé lọ́sẹ̀ náà,
tí mo lọ rà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú,
lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn,
títí yàrá ìkẹ́rùsí fi kún dẹ́nu,
tí ọ̀gá wa obìnrin fi bi mí pé,
"Ṣé ogun ń bọ̀ ni?"

Ìrẹsì kọ́.
Fátúnlà ni, tó ni ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì,
ìyàngbò funfun ní ìpéǹpéjú rẹ̀
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú àlá.
N kò ní í purọ́ pé ó tàn mí.
Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn dé ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ yẹn.
Mo mọ iye ìgbésẹ̀ ibẹ̀:
mọ́kànlélógójì.

Nínú fíìmù, ọkọ rí ìwé pélébé kan nínú àpò.
Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sunkún.
Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná,
ó na ọwọ́ sókè, ó ń wá nǹkan kan lórí pẹpẹ
iná lọ.

Ẹ ò tí ì mọ òkùnkùn
bí iná ò bá tí ì lọ mọ́ yín lójú ní Ẹ̀fọ̀n,
lálẹ́ ọyẹ́, láàárín òkè méjì,
pẹ̀lú irọ́ yín lórí itan bí àwo ìrẹsì.

"Kí lo rò pé ó ṣe fún un?"
Ohùn Ilésanmí ni.
Mo ní, "Ó dárí jì í."
"Bẹ́ẹ̀?"
"Ó dárí jì í. Wọ́n kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n tún bímọ."
Mo ń kọ́ ilé fún obìnrin yẹn nínú òkùnkùn,
mo ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un.

Ó pẹ́ kó tó fèsì.
Òkúta kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dún nínú àwo.
"Rárá o," ló wí. "Mo ti wò ó níjẹta.
Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó.
Kò nà án. Kò lé e.
Oúnjẹ ló sè fún un,
ó sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán."

Inú mi yí.
Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí.
"Má bẹ̀rù," ló wí, jẹ́jẹ́,
"iyán lásán ni tiwa."

Ìyá tó bí i ń pè é ní Ulésanmí,
pẹ̀lú ẹnu Èkìtì tó nípọn.
Ilé ọ̀hún ò sàn án mọ́.
Yàrá ọmọ ló ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ẹní lọ.
Ó ń kí mi láàárọ̀. Ó ń fún mi lówó ọbẹ̀.
Ṣùgbọ́n iṣu tirẹ̀, òun ló ń bó o,
òun ló ń sè é,
ó ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

Díìsìkì náà há sínú ẹ̀rọ.
Nígbàkúùgbà tí iná bá dé, ì báà jẹ́ òru,
á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀:
obìnrin yẹn nínú aṣọ ìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín,
kò tí ì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.
Mo máa ń dìde láti lọ pa á.
Mo máa ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀ ná.