Ìwé Ìpàdé Pápá Norrbäcken

Ojú-ewé kẹtàdínlógún nìyí.
Èmi Alfhild, akọ̀wé, ni mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́,
íǹkì ti dì sínú gègé.

Mọ́kànlá ni wá, ẹṣin wa jẹ́ mẹ́tàlá báyìí.
Pápá kan, odò tóóró kan tó là á láàárín,
wáyà oníná mẹ́ta tó yí i ká,
àgádágodo kan tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá,
mẹ́ta ti sọnù, ẹnikẹ́ni ò jẹ́wọ́.

Owó ẹgbẹ́ la fi ń ra koríko gbígbẹ,
ṣùgbọ́n owó kọ́ ló so wá pọ̀.
Ìgbẹ́ ló so ẹgbẹ́ pọ̀.
Àwọn tó ń kó ìgbẹ́ ẹṣin ara wọn láàárọ̀ Sátidé,
tí òtútù ń jẹ wọ́n létí bí eku,
irú wọn kì í bá ara wọn jà.
Wọ́n ń jà ṣá.

Torkel ní abo ẹṣin Gunvor ń jẹ ju ti gbogbo wa lọ.
Gunvor ní kí Torkel gbé ìwọ̀n wá, kó wá wọn ikùn rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún pa á rẹ́.
Kì í ṣe gbogbo ohun tí etí akọ̀wé gbọ́
ni ọwọ́ akọ̀wé ń kọ.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: Sixten.

Ẹṣin rẹ̀ kú lóṣù Kọkànlá.
Brunte, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ojú kan ti fọ́, eyín rẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ,
tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wáyà
bí arúgbó tó ń retí lẹ́tà.
Ọkọ̀ wá gbé e. Sixten ṣí fìlà.
Ó ká ìjánu, ó kì í bọ àpò.

Ìpín kejì òfin wa, èmi náà ni mo kọ ọ́:
ẹni tí kò bá ní ẹṣin kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.
Lọ́jọ́ tí a ṣe é, orí ẹṣin ni gbogbo wa wà,
a gbàgbé pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Sixten gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí.
Ó ní òun wá dá a padà ni.

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ sẹ́yìn, mo kà á sókè.
Òru tí yìnyín wó wáyà ìhà àríwá: Sixten.
Òwúrọ̀ tí a fi àáké fọ́ omi dídì nínú ọpọ́n: Sixten.
Lẹ́yìn tí Brunte ti lọ:
Sixten, Sixten, Sixten,
àní lọ́jọ́ tó kan Torkel.
Torkel ń wo bàtà rẹ̀.

Ylva, akápò, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
ní òfin dà bí wáyà:
ibi tí èèyàn bá là fún ẹnìkan
ni gbogbo ẹṣin máa gbà jáde.
A nawọ́. Márùn-ún síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún.
Kọfí tutù.

Ìgbà náà ni Gunvor há ikọ́ díẹ̀.
Ó ní abo ẹṣin òun, ọ̀jẹun yẹn,
òun ta ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ fún Sixten,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, apá òsì. Kúrónà kan péré.

Ylva ka ìpín kejì lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní kò sí iye ẹsẹ̀ níbẹ̀.
Torkel ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí Sixten máa san
owó koríko ẹsẹ̀ rẹ̀ lóṣooṣù.
Ẹ̀rín bú wá, òun gan-an ló kọ́kọ́ rín.

Sixten wá kúrónà nínú àpò.
Ìjánu ló kọ́kọ́ fà yọ.
Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀.
Èyí náà, mi ò kọ ọ́.

Mo kọ: ọmọ ẹgbẹ́, mọ́kànlá. Ẹṣin, mẹ́tàlá.
Kọ́kọ́rọ́, mẹ́jọ.

Ní Sátidé, kí n tó dé,
ẹnìkan ti gbá yìnyín kúrò lórí wáyà.
Ojú ẹsẹ̀ bàtà kan lọ títí dé odò,
ojú pátákò mẹ́rin sì ń tẹ̀ lé e.