Ìbọ̀wọ́ Tí Kò Ní Àtàǹpàkò

Aago méje òwúrọ̀. Òkùnkùn ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà
bí àlejò tí a ti sìn dé ìta tí kò lọ.
Ní erékùṣù wa yìí, ní ìpẹ̀kun àríwá Nọ́wè,
oòrùn kì í yọ fún nǹkan bí oṣù méjì.
A kì í bá a jà. A kàn ń tan iná.

Mò ń wá ìbọ̀sẹ̀ Eskil kejì lábẹ́ àga.
Tiril ń sunkún pé mo ya irun òun wọ́.
Ọmọ ọwọ́ ti fi ọ̀gì ra orí, ajá ń bá a lá a.
Jostein ti wà lójú òkun láti aago mẹ́ta,
ó fi ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ, bó ṣe máa ń ṣe.
Ta ló ráyè gbàdúrà?

Màmá mi máa ń ráyè.
Wọ́n á máa bó ọ̀dùnkún, wọ́n á máa bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀,
wọ́n á dá a dúró lágbede méjì, wọ́n á pariwo mọ́ ajá,
wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n bá a dé, láìtọrọ àforíjì.
Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan:
"Màmá, ṣé Ó ń gbọ́ yín ṣá, nínú ariwo yìí?"
Wọ́n ní, "Ọmọ mélòó ni Òun alára ń tọ́?"

Oṣù kọkànlá ni wọ́n kú,
lọ́jọ́ tí oòrùn wọ̀ tí kò padà.
Ilẹ̀ ti dì bí irin; ẹ̀rọ la fi gbẹ́ ẹ.
Pásítọ̀ Håvard ń kàwé, èémí rẹ̀ ń ṣe kùrukùru,
èmi ń ka iye ife tí n óò fọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú.
Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo.
Mo dúpẹ́ bí ẹni tó ń san owó iná.

Ìbọ̀wọ́ mẹ́fà ni mo bá nínú apẹ̀rẹ̀ wọn,
òwú pupa, òwú funfun, fún àwọn ọmọ mi mẹ́ta.
Márùn-ún ti parí. Ìkẹfà ṣì wà lórí abẹ́rẹ́,
ihò kan là sílẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò ìbá wà.
N kò mọ̀ ọ́n hun. Wọ́n kọ́ mi, mo sá lọ ṣeré.
Mo tì í sínú dúróà.

Lónìí Eskil tún sọ ìbọ̀wọ́ nù, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀ yìí.
Iná bọ́ọ̀sì iléèwé ti ń yọ lórí òkè.
Mo fa dúróà, mo yọ abẹ́rẹ́, mo so òwú ní kókó,
mo ki ọwọ́ ọmọ náà bọ̀ ọ́.
Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ síta bí orí ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́.
Ó wò ó títí.
"Màmá àgbà fi èyí sílẹ̀ kí n lè máa di nǹkan mú ni."
Ó sá lọ.

Mo dúró lórí yìnyín láìwọ bàtà. Mo ní, "O ṣeun."
Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?
Kì í ṣe màmá mi; "ẹ" ni ǹ bá lò fún wọn.
Kì í ṣe Eskil; bọ́ọ̀sì ti gbé e lọ.
Ta ló kù tí à ń pè ní "O" tí kò jẹ́ àfojúdi?

Wàrà hó, ó dà sórí sítóòfù. Mo pariwo mọ́ ajá.
Mo padà síbi tí mo bá a dé:
O ṣeun fún ife kọfí lórí ẹ̀rọ ìfọṣọ.
Jẹ́ kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ padà wá gbé òmíràn.
Ní ti màmá mi, n kò tíì lè sọ ọ́.
Ní sùúrù fún mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí oòrùn tó yọjú.
Nígbà tó súnmọ́ ọ̀sán, apá gúúsù pọ́n díẹ̀
bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Mo wò ó, àkísà lọ́wọ́,
mo sì lọ nu wàrà náà.