Kòtò Tí Adétutù Gbẹ́

Ọmọ mi dé láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Àkúrẹ́,
kò tíì jókòó, kò tíì mumi,
ó gbé ṣọ́bìrì, ó dorí kọ oko mi ní Àpọnmu,
ó gbẹ́ kòtò tó mu èèyàn dé ọrùn.
Fátúsìn tó ń kọjá ṣí fìlà rẹ̀:
"Ta ló kú?"
Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú, ẹ̀kọ́ ló ń gbẹ́lẹ̀.
Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe.

"Bàbá, ẹ wọlé."
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í wọ kòtò lásán,
ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́.
Mo rí oko mi láti ẹ̀gbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́,
bí iṣu tí wọ́n là sí méjì.

Lókè, ilẹ̀dú: ó rọ̀, ó ń rùn bí ewé kòkó tó jẹrà,
gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kún un bí irun imú,
ekòló ń yọjú níbẹ̀ bí onílé.
Lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ pupa tó dì mọ́ra,
amọ̀ tí mo lọ́ lọ́wọ́, tó gùn bí okùn tí kò já.
Lábẹ́ ìyẹn, yangí.
Nísàlẹ̀ pátápátá, òkúta tó ń rà díẹ̀díẹ̀,
ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àpáta Ìdànrè.
"Òun ló bí gbogbo èyí," ni Adétutù wí,
"oyún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún."

Mo ní, èwo wá ló ń bọ́ wa nínú wọn?
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi, ó fi lé ilẹ̀dú náà.
Ó bò ó tán. Àtàǹpàkò mi tiẹ̀ ti kan ilẹ̀ pupa.
Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan!
Lórí ìyẹn ni mo fi kọ́lé, tí mo fi fẹ́yàwó,
tí mo ń pe ara mi ní olóko.
Nígbà bàbá mi, ọwọ́ á wọ ihò iṣu dé ìgúnpá
kí ọkọ́ tó dún lórí òkúta.
Ìyókù dà?

Ó na ìka sí odò ìsàlẹ̀, tó pọ́n bí epo lẹ́yìn òjò àná.

Mo dákẹ́.
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi ṣẹjọ́ ààlà,
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré,
omi sì ń kó oko náà lọ lójú mi,
láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí obì tí a pa.

"Poro yín ló ṣe é."
Poro mi! Tó tọ́ láti orí òkè dé etí odò,
tí gbogbo abúlé ń yìn!
"Ọ̀nà lẹ là fún omi. Ẹ jẹ́ kí ebè dábùú òkè.
Ẹ má sì sun pàǹtí mọ́, ẹ fi bo ilẹ̀.
Ilẹ̀ tó wà níhòòhò ni òjò ń nà."
Inú bí mi. Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú?
Mo ní: ìdajì oko. Ìdajì péré, kí o lè jẹ́ n sinmi.

Ó kan ìṣó gígùn sọ́tùn-ún, ó kan òmíràn sósì,
ó gbá orí wọn bá ilẹ̀ dọ́gba,
ó padà sí Àkúrẹ́.

Òjò ọ̀wàrà rọ̀, irú èyí tó ń ṣí páànù.
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti dóko.
Níbi poro àtijọ́, ìṣó ti yọ ọrùn ní ìwọ̀n ìka méjì,
ó ń wò mí bí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni ò pè.
Lápá kejì, mo wá ìṣó títí, mo fọwọ́ tú ewé:
ó wà níbi tó wà. Ekòló kan ká lé e lórí.

Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu.
Èmi ńkọ́, tí mo kàn ń gbà láti kékeré?

N ò sọ fún Fátúsìn. N ò tíì dí kòtò náà,
ewúrẹ́ ti jìn sí i lẹ́ẹ̀kan.
Mo pe ọmọ mi lórí fóònù,
mo bèèrè oúnjẹ, mo bèèrè ìdánwò.
Nígbà tí owó ìpè fẹ́ tán, mo ní:
"Bí o bá ń bọ̀, ra ìṣó wá. Ra púpọ̀."