Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

Nọ́ọ̀sì ní Hull da jẹ́ẹ̀lì tútù sí mi níkùn.
Ẹ̀dọ̀ mi hàn lójú ẹ̀rọ, ó funfun bí ìrì dídì.
"Ọ̀rá ló kún un."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń ṣọ́ arúgbó lóru,
ọ̀dùnkún díndín ni mo fi ń lé oorun.
Fọ́tò mi délé, Àǹtí Ìbíyẹmí pariwo:
"Ìlú òyìnbó mà gbà ọ́ o!"
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló rí.
Ẹ̀dọ̀ kì í yọjú nínú fọ́tò.

"Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro," ni bàbá mi máa ń wí.
Bàbá, mo fi í lé e.
N kò mọ̀ pé ẹrù ni mò ń gbé kà á lórí.

Lónìí mo sọ̀ kalẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dé ibùdó mi,
mò ń fẹsẹ̀ rìn létí odò Humber.
Atẹ́gùn ń tì mí sẹ́yìn.
Èmi náà ń tì í.